Háàdì díráìfù 2TB tuntun fún bákọ́ọ̀pù: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí i kí n tó kó iṣẹ́ sínú ẹ̀?

FótòLágere (Ọjọ́ Ajé, 8:52 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fọ́tò ni mò ń yà ní Lágere níbí, Ilé-Ifẹ̀, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, gbogbo ẹ̀ náà ni. Láptọ́ọ̀pù mi ti kún, 500GB ni háàdì inú ẹ̀, látìgbà Ọlọ́jọ́ tó kọjá ni ìlà tó ń fi àyè hàn ti pupa torí fídíò tí mo ká lọ́jọ́ yẹn nìkan lé ní 90GB. Mo wá ra háàdì díráìfù tó ń wà níta, 2TB, èyí kékeré tí kò nílò iná tiẹ̀ lọ́tọ̀, kébù USB nìkan ni. Mo kì í bọ láptọ́ọ̀pù, ó gbé e, àmọ́ 1.81TB ló kọ síbẹ̀. Àyà mi já. Ṣé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni? Mo tún rí i pé àwọn fáìlì kan ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó jọ sọ́fítíwíà àwọn tó ṣe é, ṣé kí n pa á rẹ́? Windows 10 ni mò ń lò, àbúrò mi obìnrin tó ń bá mi ṣe fídíò, Mac ni tiẹ̀, àwa méjèèjì la sì fẹ́ máa lo háàdì yìí. Mi ò fẹ́ kù gìrì kó iṣẹ́ sínú ẹ̀, ìyẹn ni mo fi ní kí n bi yín kí n tó fọwọ́ kàn án.

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Sábó (Ọjọ́ Ajé, 9:30 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Àwọn tó ń ṣe háàdì, ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ń ka báìtì (ẹyọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn àyè), Windows ń fi 1024 ka tiẹ̀. Báìtì kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀, bí ìgbà tí ìyá kan bá ń fi kóńgò ńlá wọn gààrí tí ẹnì kejì ń fi kékeré wọ̀n ọ́n. 1TB á jáde sí 931GB, 2TB á jáde sí 1.81TB. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ Mac àbúrò yín, 2TB ló máa kọ torí òun náà ń fi ẹgbẹ̀rún kà á.

Sọ́fítíwíà inú ẹ̀, ẹ lè pa á rẹ́, kò ní ṣe háàdì ní nǹkankan. Àmọ́ ẹ má tíì kó iṣẹ́ kankan sínú ẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: inú páálí tí wọn ò tíì tú lẹ ti rà á àbí wọ́n kàn nà án sí yín lọ́wọ́? Kí lẹ sì fẹ́ fi ṣe gan-an? Torí "bákọ́ọ̀pù" yìí, ohun tí kálukú ń pè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

ÌyáTẹ̀wé_Mayfair (Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ páálí yẹn ṣe pàtàkì o, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ní lẹ́bàá Mayfair, prójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ là ń tẹ̀. Ìgbà kan mo ra fláàṣì tí wọ́n kọ 2TB sí lára lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, inú mi dùn. Mo kó prójẹ́ẹ̀tì ọdún mẹ́ta sínú ẹ̀, ó ń gbà á, orúkọ fáìlì ń hàn lẹ́sẹẹsẹ, mo wá pa tinú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè wà. Ọjọ́ tí ọmọ kan padà wá pé kí n bá òun tún orí kẹta ṣe ni mo tó mọ̀. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣí. Mo tẹ ìkejì, kò ṣí, mo tẹ ìkẹta, bákan náà. Ọmọ yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, supafáísọ̀ ẹ̀ ń retí ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Títí dòní tí mo bá rántí ó máa ń dùn mí.

Akẹ́kọ̀ọ́CSC (Ọjọ́ Ajé, 10:41 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: ṣíìpù inú fláàṣì yẹn ni wọ́n kọ́ ní irọ́. Ó lè jẹ́ 32GB tàbí 64GB ló wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti yí i pé kó máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé 2TB lòun. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibi tó ní gangan, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tàbí kó kàn da èyí tó ń bọ̀ nù, síbẹ̀ á ṣì máa fi orúkọ fáìlì hàn yín. Wọ́n ń ṣe ayédèrú háàdì bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n á fi káàdì kékeré sínú páálí ike ńlá, kódà wọ́n máa ń fi irin sí i kó lè wúwo lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n FótòLágere, tiyín tó jẹ́ páálí tàbí kò jẹ́ páálí, ẹ dán an wò. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni H2testw, àwọn ará Jámánì ló ṣe é, Windows ló wà fún. Á kọ nǹkan kún háàdì yẹn títí dé ẹnu, á tún kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ náà ló bá níbẹ̀. F3 ni wọ́n ń lò lórí Mac àti Linux, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ìgbà tí háàdì ṣófo ló dáa jù kẹ́ ẹ ṣe é.

FótòLágere (Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an. Inú páálí ni mo ti rà á, níwájú mi ni wọ́n ti ya ọ̀rá ara ẹ̀. Àmọ́ mo tún ní 1TB kan nílé, tòkunbọ̀ ni, wọ́n yọ ọ́ nínú láptọ́ọ̀pù, mo ra àpótí USB fún un.

Bí mo ṣe fẹ́ lo 2TB yìí: gbogbo fọ́tò àti fídíò látọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo fẹ́ "cut" kúrò lórí láptọ́ọ̀pù kí n "paste" ẹ̀ síbẹ̀, kí láptọ́ọ̀pù lè mí, kí iṣẹ́ mi sì wà nípamọ́.

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Sábó (Ọjọ́ Ajé, 12:38 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, mo bẹ̀ yín. Ìyẹn kì í ṣe bákọ́ọ̀pù, ńṣe lẹ kàn kó ẹrù kúrò nílé kan lọ sí òmíràn. Kí fáìlì wà níbi méjì ní àkókò kan náà ni wọ́n ń pè ní bákọ́ọ̀pù, kí ọ̀kan lè kú kí èkejì ṣẹ́ kù. Tẹ́ ẹ bá ti "cut" ẹ̀, ibì kan ṣoṣo náà ló ṣì wà, ibi yẹn sì tún jẹ́ nǹkan tó lè bọ́ lórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé inú ẹ̀ díẹ̀. Àwo dídán ló wà nínú háàdì irú yìí, ó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 5400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá kékeré kan wà tó ń kà á, bí abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́, àmọ́ òun kì í fara kan àwo, orí atẹ́gùn ló wà, àyè tó wà láàárín wọn kéré fíìfíì sí ìnípọn irun orí. Tó bá ń yí lọ́wọ́ tí kébù kọ́ ẹnì kan lẹ́sẹ̀ tó fi já bọ́, apá yẹn á gbá àwo, á fá a. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé irú ẹ̀ wá fún mi, ńṣe ló ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Mo ní kí wọ́n má tàn án mọ́, torí bí wọ́n bá ṣe ń tàn án ló ṣe ń bàjẹ́ sí i, àwọn tó lè tú u nínú yàrá tí kò ní eruku nìkan ló lè gbìyànjú ẹ̀, owó wọn sì lè ra háàdì bíi mélòó kan.

Torí náà, fún ìsinsìnyí, "copy" ni, kì í ṣe "cut". Ẹ má tíì pa tinú láptọ́ọ̀pù rẹ́ àfi tẹ́ ẹ bá ti ní háàdì kejì.

FótòLágere (Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibi tí mo ti ra háàdì. Mo ya fọ́tò ọjọ́ìbí ìyá àgbà kan ní Ìrẹmọ, ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ṣe. Wọ́n gba álíbọ́ọ̀mù kékeré kan, wọ́n ní àwọn á padà wá fún ńlá. Láptọ́ọ̀pù tí mò ń lò nígbà yẹn kú lójijì, háàdì ẹ̀ ló lọ, mo ra òmíràn, mò ń bá iṣẹ́ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ìyá náà papòdà. Àwọn ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń fẹ́ èyí tí màmá ti rẹ́rìn-ín tí wọ́n fọwọ́ gbá gèlè mú, wọ́n fẹ́ fi ṣe pósítà. Gbogbo wọn ló rántí fọ́tò yẹn, èmi náà rántí ẹ̀. Mi ò ní i. Mo ní kí wọ́n jókòó, mi ò wá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò fẹ́ kírú ọjọ́ yẹn tún dé bá mi mọ́ láyé.

ÌyáTẹ̀wé_Mayfair (Ọjọ́ Ajé, 1:22 ọ̀sán)

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Akẹ́kọ̀ọ́CSC (Ọjọ́ Ajé, 2:03 ọ̀sán)

Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é rèé, ẹ máa fara balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi CrystalDiskInfo wò ó, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lòun náà. Háàdì máa ń kọ ìtàn ara ẹ̀ sílẹ̀ nínú ara ẹ̀, SMART ni wọ́n ń pe ìwé yẹn, iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, iye ìgbà tí wọ́n ti tàn án, iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ lórí àwo. Tó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, ó yẹ kí Power On Hours wà ní òdo tàbí bíi wákàtí kan sí méjì. Tẹ́ ẹ bá rí ẹgbàárùn-ún wákàtí nínú háàdì tí wọ́n pè ní tuntun, ẹ dá a padà kíá. Tó bá dáa á kọ Good ní àwọ̀ búlúù, tó bá ti ń ṣàìsàn á kọ Caution ní yẹ́lò. Ẹ wo nọ́ńbà 05, C5 àti C6 dáadáa, àwọn ló ń sọ nípa ojú ibi tó bàjẹ́ lórí àwo, òdo ló yẹ kó wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá ṣe H2testw. Ojú USB tó jẹ́ búlúù nínú ni kẹ́ ẹ kì í bọ̀, USB 3 nìyẹn. Tó bá ń sáré 100MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kíkọ 2TB nìkan á gba bíi wákàtí márùn-ún ààbọ̀, kíkà á padà á tún gba bẹ́ẹ̀. Ojú USB 2 kì í sáábà kọjá 30 sí 40MB, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á tún ṣú.

ÌyáTẹ̀wé_Mayfair (Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán)

Wákàtí mọ́kànlá! Iná tiwa ńkọ́? Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ẹ̀ ńkọ́?

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Sábó (Ọjọ́ Ajé, 2:45 ọ̀sán)

Àǹtí, ìbéèrè gidi nìyẹn. Háàdì kékeré yìí, inú láptọ́ọ̀pù ló ti ń fa iná, tí nẹ́pà bá mú iná, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé méjèèjì. Tó bá jẹ́ ìdánwò H2testw lẹ ń ṣe tí iná fi lọ, kò sí ewu, ẹ máa kàn tún un ṣe ni torí kò tíì sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Ibi tó ti léwu ni ìgbà tẹ́ ẹ bá ń pín in tàbí ẹ ń kó fáìlì wọlé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìyẹn bí bátìrì yín ò bá lè dúró títí jẹnẹrétọ̀ fi máa tan. Háàdì ńlá tó ní ṣájà tiẹ̀, tàbí ẹni tó ń lo désítọ́ọ̀pù, kó rí i pé UPS wà níbẹ̀. Ẹ tún lọ sí ibi sẹ́tíìnì kẹ́ ẹ sọ fún láptọ́ọ̀pù kó má sùn, àìmọye ìgbà ni mo ti rí i tí kọ̀ǹpútà sùn láàárín iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín rò pé ó ń ṣe é lọ.

Nǹkan míì: ẹni tó bá ti ṣe H2testw láṣeyanjú, tó bá fẹ́ fọ́máàtì háàdì (kó nù ún kó sì tún un tò), kò nílò kó tún yọ àmì kúrò nídìí Quick Format, fọ́máàtì kíákíá. Fọ́máàtì gígùn yẹn máa ń kọ òdo kún gbogbo ojú háàdì, á sì wá ibi tó bàjẹ́, ohun tí H2testw ti bá yín ṣe nìyẹn. Quick Format ti tó lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá dán nǹkankan wò, kó ṣe gígùn, kó fi sílẹ̀ di àárọ̀.

TíṣàFẹ̀yìntì_Iléṣà (Ọjọ́ Ajé, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ kẹta ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ látàárọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni pé mò ń ká ohùn àti fídíò àwọn àgbà wa níbí ní Iléṣà, àwọn ìyá tó ṣì mọ orin olele, oríkì ìdílé, ìtàn àdúgbò. Méjì nínú àwọn tí mo ká ti sùn láti ọdún tó kọjá, ohùn wọn tó kù sí mi lọ́wọ́ ò ṣe é rí rà lọ́jà. Mo fẹ́ kó wọn sí háàdì kan tí ọmọ mi fi ránṣẹ́. Àwọn fáìlì kéékèèké wọlé, àmọ́ fídíò gígùn ò wọlé, ó ní fáìlì ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ àyè tó ṣẹ́ kù nínú háàdì yẹn lé ní 400GB. Kí ló fà á?

Akẹ́kọ̀ọ́CSC (Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, bàbá. FAT32 ni wọ́n fi ṣe háàdì yín. Ètò àtijọ́ kan tí háàdì fi ń to fáìlì ni, kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB, bí àyè ṣe wù kó pọ̀ tó. Tẹ́ ẹ bá tẹ Properties lórí háàdì, ẹ máa rí i níwájú File system. Ẹ kó èyí tó ti wọlé jáde padà, kẹ́ ẹ fọ́máàtì ẹ̀ sí NTFS tàbí exFAT, irú ètò bẹ́ẹ̀ míì ni wọ́n, gbogbo fídíò yín á wọlé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí pé fọ́máàtì á nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ o, bàbá, ẹ kọ́kọ́ kó wọn jáde.

ỌmọỌbòkun (Ọjọ́ Ajé, 6:12 ìrọ̀lẹ́)

exFAT lẹ máa lò o, ẹ má da ara yín láàmú. Windows á kà á, Mac á kà á, ẹ̀yin méjèèjì á máa lò ó láìsí wàhálà. NTFS ni Mac lè kà ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọ nǹkan sí i. Èmi ò lo nǹkan míì.

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Sábó (Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́)

Òótọ́ lẹ sọ nípa Mac, àmọ́ mi ò ní fọwọ́ sí exFAT fún ibi tí wọ́n fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ ọdún mẹ́rin sí, pàápàá níbi tí iná ti ń já bí tiwa yìí. NTFS ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sí kó tó ṣe é. Tí kébù bá yọ láàárín kan, tó bá jí á wo ìwé yẹn, á mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé, á tún ètò ara ẹ̀ ṣe. exFAT kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ fà á yọ nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́, gbogbo fódà lè di nǹkan tí kò ṣe é kà mọ́. exFAT dáa fún káàdì kámẹ́rà àti háàdì tẹ́ ẹ fi ń gbé fáìlì láti ọwọ́ ẹnì kan lọ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ibi ìtọ́jú, rárá.

Àbúrò ẹ̀gbọ́n wa tó ń lo Mac ńkọ́? Time Machine ni bákọ́ọ̀pù tó wà nínú Mac látọdún 2007, ó sì dáa gan-an, wákàtí wákàtí ló ń ṣe é, á tọ́jú ti wákàtí mẹ́rìnlélógún tó kọjá, ti ojoojúmọ́ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ti ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ títí àyè á fi tán, á wá máa pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́. Àmọ́ APFS, ètò ti Apple fúnra wọn, ni Mac tuntun fẹ́ fún un, tẹ́ ẹ bá sì gbé háàdì tó jẹ́ NTFS fún un, á ní kí òun pa á rẹ́ ná. Ẹni tí kò bá ka ohun tó wà lójú ẹ̀ tó kàn tẹ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

A lè pín háàdì kan sí méjì. Lórí Mac, nínú Disk Utility, ẹ fi í sí GUID Partition Map, ẹ pín in, apá kan APFS, apá kejì exFAT, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e wá sórí Windows kẹ́ ẹ fọ́máàtì apá exFAT yẹn sí NTFS. Apple ní kí ibi Time Machine tó ìlọ́po méjì háàdì inú Mac ó kéré tán. Ó ṣe é ṣe. Àmọ́ tó bá jẹ́ tèmi ni, kálukú á ní tiẹ̀. Ọjọ́ tí háàdì yẹn bá já bọ́, ẹ̀gbọ́n pàdánù, àbúrò pàdánù, lọ́jọ́ kan náà.

Edítọ̀_Ẹrẹ́jà (Ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́)

Ẹ kúulẹ́ o. Èmi ni àbúrò tí bọ̀ọ̀dá mi ń sọ, Iléṣà ni mò ń gbé. Mo fara mọ́ ohun tí bọ̀ọ̀dá Sábó sọ, màá ra tèmi lọ́tọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí 2TB yẹn jẹ́ tiyín nìkan, NTFS.

FótòLágere (Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀)

Mo padà dé o. Háàdì tuntun: Good, Power On Hours 1, 05, C5, C6 gbogbo ẹ̀ òdo. H2testw gba láti aago méje alẹ́ ọjọ́ Ajé di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n mú iná lẹ́ẹ̀kan, bátìrì gbé e títí mo fi tan jẹnẹrétọ̀. Ó kọ "without errors" sí ìsàlẹ̀. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Tòkunbọ̀ 1TB ni kò dáa. Yẹ́lò ló wà, Caution, nọ́ńbà C5 kì í ṣe òdo, Power On Hours ẹ̀ lé ní ẹgbàá mẹ́wàá. Fáìlì inú ẹ̀ ṣì ń ṣí o. Ṣé mo lè máa fi í ṣe ìkejì títí owó á fi wà?

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Sábó (Ọjọ́rú, 8:01 àárọ̀)

Ẹ má fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. C5 túmọ̀ sí pé àwọn ojú ibì kan wà lórí àwo tó gbìyànjú láti kà tí kò rí i kà, ó ń retí kó tún dán an wò. Ó lè pẹ́ kó tó kú, ó sì lè kú lọ́la, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Tí nǹkan kan bá wà nínú ẹ̀ tí kò sí níbòmíì, lónìí yìí gan-an ni kẹ́ ẹ kó o jáde.

Ó yá, ẹ wá fọ́máàtì tuntun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, Format, NTFS, Allocation unit size ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tó dá yàtọ̀. Ẹ wo iye àyè ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ Start, kẹ́ ẹ má lọ fọ́máàtì ohun tí kì í ṣe òun, mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ kan náà àti oṣù tẹ́ ẹ rà á sí lébẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́CSC (Ọjọ́rú, 9:17 àárọ̀)

Tẹ́ ẹ bá fọ́máàtì ẹ̀ tán, ẹ tan File History, ó wà nínú Windows láti Windows 8, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan ló ń ṣe ẹ̀dà Documents, Pictures, Videos àti Desktop yín tí háàdì bá wà lára ẹ̀. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé ẹ̀dà àtijọ́ ò ní lọ, tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì ba fọ́tò kan jẹ́ nínú edítìn tẹ́ ẹ sì sefu ẹ̀, ẹ lè mú ti àná padà. Tí iṣẹ́ yín ò bá sí nínú àwọn fódà yẹn, ẹ fi kún un fúnra yín, kò ní wá a. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa kó fódà ńlá ńlá, robocopy, àṣẹ kan tí wọ́n ń tẹ̀, wà nínú Windows, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún /MIR. Ohun tẹ́ ẹ bá ti pa rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, òun náà á pa á rẹ́ lórí háàdì. /E ni kẹ́ ẹ lò, òun kì í pa nǹkan rẹ́.

Àti pé Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró láti 14 October 2025. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sí 11, lẹ́yìn bákọ́ọ̀pù yìí ni o.

ÌyáTẹ̀wé_Mayfair (Ọjọ́rú, 11:30 àárọ̀)

Kí n fi ohun tí ojú mi ti rí kún un. Ẹ má fi háàdì sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà tọ̀sán tòru. Oríṣiríṣi fláàṣì ni wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa, fáírọ́ọ̀sì kún inú wọn fọ́fọ́. Irú èyí tó ń ti fáìlì pa tó ń bèèrè owó, bíi WannaCry tó jà káàkiri ayé ní May 2017, gbogbo ohun tó bá bá lára kọ̀ǹpútà ló ń tì pa, bákọ́ọ̀pù náà wà níbẹ̀. Èmi, mo ti ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ fún fláàṣì àwọn kọ́sítọ́mà, háàdì mi ò fojú kàn án rí. Tí mo bá parí ní ìrọ̀lẹ́ màá tẹ Eject, màá dúró kó ní mo lè yọ ọ́, mo wá gbé e sínú báàgì.

Edítọ̀_Ẹrẹ́jà (Ọjọ́rú, 1:40 ọ̀sán)

Páàsíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Fọ́tò àwọn oníbàárà ló wà níbẹ̀, ìyàwó àwọn èèyàn, ọmọ àwọn èèyàn. Tí wọ́n bá jí báàgì ńkọ́?

TíṣàFẹ̀yìntì_Iléṣà (Ọjọ́rú, 3:05 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, àmọ́ jẹ́ kí n sọ apá kejì ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan fi páàsíwọ́ọ̀dù ti háàdì ẹ̀, ó ṣàìsàn, ó gbàgbé ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ gbé e káàkiri, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Ohun tí èmi ń ká yìí, mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi lè ṣí i láìbi mí, n ò ní tì í.

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Sábó (Ọjọ́rú, 4:22 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, ẹ ṣé. Ibi tí mo dúró sí náà nìyẹn. Ohun tó jẹ́ àṣírí oníbàárà, ẹ tì í. Windows Pro ní BitLocker tó ń fi páàsíwọ́ọ̀dù ti háàdì, Windows Home ò lè fi ti háàdì ṣùgbọ́n ó lè ṣí èyí tí wọ́n ti tì. Á fún yín ní nọ́ńbà gígùn kan, dígíìtì 48, tẹ́ ẹ máa fi ṣí i tẹ́ ẹ bá gbàgbé páàsíwọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí háàdì wà. Ohun tó jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú, ẹ fi í sílẹ̀ gbangba, kẹ́ ẹ tọ́jú ibi tẹ́ ẹ gbé e sí.

Ó ku ọ̀kan. Ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà, Peter Krogh, ló jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ibi ìtọ́jú méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé. Ẹ̀gbọ́n, tí háàdì méjèèjì bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Lágere, iná kan ṣoṣo ló máa jó méjèèjì, olè kan ṣoṣo ló máa kó o.

FótòLágere (Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́)

Mo ti ra ìkejì, 2TB bákan náà, mo fi owó kámẹ́rà tí mò ń dá sílẹ̀ rà á, kámẹ́rà á dúró. Ìdánwò ẹ̀ parí lọ́sàn-án yìí, kò sí àṣìṣe. Àkọ́kọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìkejì ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ẹrẹ́jà, a ó máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù tí mo bá ń lọ sí Iléṣà. Mo gbé àkọ́kọ́ lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, mo ṣí fódà mẹ́wàá láìwo orúkọ wọn, fọ́tò ṣí, fídíò náà ṣí, mo wo ọ̀kan títí dé òpin.

Mo tún ti fónù àwọn ọmọ ìyá Ìrẹmọ yẹn. Àbígbẹ̀yìn wọn ṣì ní álíbọ́ọ̀mù kékeré yẹn, ó ní kí n wá yà á. Fọ́tò tí màmá ti gbá gèlè mú wà nínú ẹ̀. Mo ti yà á, ó wà lórí méjèèjì báyìí.

TíṣàFẹ̀yìntì_Iléṣà (Ọjọ́bọ̀, 9:34 alẹ́)

Ọlọ́run ṣeun. Ọmọ mi, tó o bá ń bọ̀ wá sí Ẹrẹ́jà, jọ̀ọ́ yà lọ́dọ̀ mi. Mo ti kó fídíò jáde, mi ò tíì tẹ Format, ọwọ́ mi ń gbọ̀n sí i.

FótòLágere (Ọjọ́bọ̀, 9:41 alẹ́)

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bàbá, ní bí aago mẹ́wàá. Ẹ má tẹ nǹkankan títí màá fi dé. Ẹ̀dà tiyín náà á wà lọ́dọ̀ wa ní Lágere tẹ́ ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀.